Ìtàn Bí A Ti Ṣe Mọ Eré Ọta Tí Ojú Kò Lè Rí



Nígbà tí òkò bá kúrò lọ́wọ́ ẹni tí ó sọ ọ́, ohun mẹ́ta ni ènìyàn lè béèrè nípa rẹ̀. Èkíní ni igun tí ó gbà lọ, èyíinì ni bí a ti darí rẹ̀ sókè tó. Èkejì ni ibi tí ó balẹ̀ sí. Ẹ̀kẹta ni eré tí ó fi jáde. Igun ni a lè fi ohun èlò wọ̀n. Ibi tí ó balẹ̀ sí ni a lè fi ẹsẹ̀ rìn dé, kí a sì fi okùn wọn ilẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n ta ni yóò bá òkò sáré kí ó lè sọ fún wa bí eré rẹ̀ ti tó? Bí ó bá sì jẹ́ ọta ìbọn ni, ojú kò tilẹ̀ rí i kí ó tó kọjá lọ. Síbẹ̀, bí ẹ bá ṣí ìwé ìṣirò tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ń lò, ẹ ó rí i pé eré yìí ni olùkọ́ máa ń fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀: ó ní a ta ọta kan pẹ̀lú eré báyìí, níbo ni yóò balẹ̀ sí? Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ronú sí ọ̀ràn náà kò ní olùkọ́ tí yóò sọ eré náà fún wọn.

Èyí tí mo fẹ́ rò fún yín nísinsìnyí ni bí àwọn ọlọ́gbọ́n ilẹ̀ Ítálì ti rí ọ̀nà láti ṣe ìṣirò náà láì mọ eré ọta rárá. Àti bí ọ̀nà náà gan-an, nítorí tí ó rọrùn tí ó sì dùn mọ́ ọkàn, ti bo àṣìṣe ńlá kan mọ́lẹ̀ fún ohun tí ó lé ní 100 ọdún, títí ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan fi wọn eré ọta tìkára rẹ̀.

Ẹni àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí a dárúkọ ni Niccolò, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Tartaglia. Ìlú Brescia ní àríwá Ítálì ni a bí i sí ní nǹkan bí 1500. Ní 1512 àwọn ọmọ ogun Faransé kó ìlú náà. Ọmọdé náà sá wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá, ṣùgbọ́n idà bá a níbẹ̀, ó sì fi ọgbẹ́ sí i lójú àti lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi di akólòlò. Ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti wá, nítorí akólòlò ni ìtumọ̀ Tartaglia ní èdè wọn. Kò rí owó fi lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ pẹ́. Òun tìkára rẹ̀ ni ó kọ́ ara rẹ̀ ní ìṣirò.

Ní 1531, nígbà tí ó ń gbé ní Verona, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ yíyin àgbá wá bi í léèrè pé, báwo ni a ó ti gbé ẹnu àgbá sókè tó kí ọta rẹ̀ lè lọ jìnnà jùlọ? Tartaglia dáhùn pé àárín méjì gẹ́rẹ́ ni, láàárín ilẹ̀ títẹ́jú àti òkè ọ̀run gan-an, èyí tí àwa ń pè ní 45 dìgírì. Lójú àwọn oníbọn ìgbà náà, èyí ga jù. Ní 1532 ọ̀rọ̀ náà di iyàn, wọ́n sì fi owó lélẹ̀ lé e lórí: apá kan ní 45 dìgírì ni, apá kejì ní ó yẹ kí a rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ dé 30. Wọ́n gbé àgbá kan lọ sí pápá, wọ́n sì yìn ín lọ́nà méjèèjì. Gẹ́gẹ́ bí Tartaglia ti kọ ọ́, ní 45 dìgírì ọta náà lọ ní ọ̀pá 1,972, tí ọ̀pá kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹsẹ̀ 6 nínú ìwọ̀n Verona. Ní 30 dìgírì ó lọ ní ọ̀pá 1,872. Tartaglia ni ó borí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi iye méjèèjì yìí pamọ́ sí ọkàn yín, nítorí a ó tún wá bi wọ́n ní ìbéèrè kan.

Ìborí yìí kò fún un ní àlàáfíà. Nínú ìwé tí ó kọ sí Baálẹ̀ ńlá Urbino, ó jẹ́wọ́ pé bí ó ti ń ronú lórí iṣẹ́ àgbá, ẹ̀rí-ọkàn bẹ̀rẹ̀ sí í dá a lẹ́bi: ó rí i bí ohun ìtìjú àti ẹ̀ṣẹ̀ pé kí ènìyàn máa fi ọgbọ́n wá ọ̀nà tí a ó fi ba ọmọnìkejì rẹ̀ jẹ́ dáadáa sí i. Ó kó gbogbo ohun tí ó ti kọ lórí rẹ̀, ó sun ún níná. Lẹ́yìn náà ni ìròyìn dé pé Suleiman, ọba àwọn ará Tọ́kì, ń múra ogun sí ilẹ̀ Ítálì. Nígbà náà ni ó yí ọkàn padà, ó ní kò tọ́ mọ́ kí a fi irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ pamọ́ fún àwọn tí ìkookò ń bọ̀ wá bá, ó sì tẹ ìwé rẹ̀, Nova Scientia, jáde ní Venice ní 1537. Èmi kì yóò jókòó lórí ìtẹ́ ìdájọ́ nítorí rẹ̀. Àwọn baba wa wí pé ẹni tí ó sọ òkò sí ọjà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bà. Tartaglia mọ èyí dájú kí ó tó sọ tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí ó tilẹ̀ mọ igun tí ó dára jùlọ, kò mọ ojú ọ̀nà tí ọta ń gbà lọ. Nínú ìwé náà ó kọ́ni pé ọta a kọ́kọ́ lọ tààrà, lẹ́yìn náà a tẹ̀ díẹ̀ bí etí ìgbá, lẹ́yìn èyí a wá já bọ́ tààrà sí ilẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ lo irú àwòrán bẹ́ẹ̀ láti mọ eré ọta, kò sí ibi tí yóò ti mú ìṣirò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tí ó ṣí ilẹ̀kùn náà ni Galileo Galilei, tí ó kọ́ni ní ìṣirò ní Padua láti 1592 títí dé 1610. Ohun tí ó rí kò ṣòro láti sọ, ṣùgbọ́n ó ṣòro láti gbà gbọ́. Ó rí i pé ohun tí a jù ń rin ìrìn méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan síwájú, ọ̀kan sí ìsàlẹ̀, tí èkíní kò sì dí èkejì lọ́wọ́. Bí a bá gbá òkúta kan jáde ní títẹ́jú láti orí ògiri tí ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 16, tí a sì jẹ́ kí òmíràn já bọ́ lásán ní ẹ̀gbẹ́ ògiri ní àkókò kan náà, àwọn méjèèjì yóò kan ilẹ̀ pọ̀. Èyí tí ó lọ jìnnà kò pẹ́ lójú ọ̀run ju èyí tí ó bọ́ sí ẹsẹ̀ ògiri lọ.

Ẹ wo ohun tí èyí fún wa. Ohun tí ó bá já bọ́ láti ẹsẹ̀ bàtà 16 a máa lo ìṣẹ́jú àáyá kan, bí a bá fi ìdá kékeré sílẹ̀. Nítorí náà, bí òkúta tí a gbá jáde bá balẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 20 sí ìdí ògiri, a ti mọ̀ pé ẹsẹ̀ bàtà 20 ni ó ń rìn síwájú ní ìṣẹ́jú àáyá kan. A kò sáré tẹ̀lé e, a kò sì ní agogo lọ́wọ́. Gíga ògiri ni ó sọ àkókò fún wa, ilẹ̀ sì sọ eré. Gbogbo ohun tí a ó sọ lẹ́yìn èyí, inú òkúta orí ògiri yìí ni ó ti jáde wá.

Ìwé kan wà nínú àwọn ìwé ọwọ́ Galileo tí a pa mọ́ sí ilé-ìkàwé ìjọba ní Florence. Kò tẹ̀ ẹ́ jáde nígbà ayé rẹ̀, àwọn tí ó to ìwé rẹ̀ lẹ́yìn náà kò sì kà á sí, títí ọ̀mọ̀wé kan tí ń jẹ́ Stillman Drake fi gbé e síta ní 1973. Ewé 116 ni wọ́n ń pè é, iṣẹ́ 1608 ni a sì kà á sí. Àwòrán tábìlì kan wà níbẹ̀, pẹ̀lú ìlà títẹ̀ márùn-ún tí ń jáde láti etí rẹ̀ wá sí ilẹ̀, àti àwọn iye tí a kọ sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Ohun tí ó ṣe ni pé ó jẹ́ kí bọ́ọ̀lù kékeré kan yí sọ̀kalẹ̀ lórí pákó onígẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí ó tẹ́jú ní etí tábìlì, kí ó sì fò jáde. Gíga tábìlì jẹ́ punti 828. Punto kan fi díẹ̀ dín sí mìlímítà kan.

Eré bọ́ọ̀lù náà ní etí tábìlì ni kò mọ̀, kò sì ní agogo kan tí ó lè ka irú ìṣẹ́jú kékeré bẹ́ẹ̀. Ó yẹra fún un pátápátá. Dípò kí ó sọ pé eré yìí jẹ́ báyìí, ó sọ pé eré yìí ni èyí tí bọ́ọ̀lù ń ní bí ó bá ti ibi gíga báyìí wá. Gíga ni ó fi ṣe òṣùwọ̀n eré. Òfin rẹ̀ sì ni pé bí a bá fẹ́ kí eré di ìlọ́po méjì, a ó gbé ibi ìbẹ̀rẹ̀ sókè ní ìlọ́po mẹ́rin. Bí a bá fẹ́ ìlọ́po mẹ́ta, a ó gbé e sókè ní ìlọ́po mẹ́sàn-án.

Nígbà tí bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀ láti gíga punti 300, ó balẹ̀ ní punti 800 sí ẹsẹ̀ tábìlì. Èyí kan ṣoṣo ni ó mú gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Láti inú rẹ̀ ni ó ti ṣírò àwọn yòókù kí ó tó fi wọ́n wé ohun tí ilẹ̀ fi hàn. Fún gíga 600, ìṣirò sọ 1,131, ilẹ̀ sọ 1,172. Fún 800, ìṣirò sọ 1,306, ilẹ̀ sọ 1,328. Fún 828, 1,330 àti 1,340. Fún 1,000, 1,460 àti 1,500. Galileo kọ ìyàtọ̀ wọn sí ẹ̀gbẹ́: 41, 22, 10, 40. Ẹni tí ó bá ti yí bọ́ọ̀lù rí lórí pákó lásán yóò mọ̀ pé iṣẹ́ tí ó mọ́ ni èyí. Èmi fẹ́ràn ewé yìí ju ọ̀pọ̀ ìwé ńlá lọ, nítorí kò sí ọ̀rọ̀ ìyangàn kan lórí rẹ̀; ìṣirò ni, àti ìwọ̀n, àti ohun tí ó kù láàárín méjèèjì.

Ọgbọ̀n ọdún kọjá kí ẹ̀kọ́ náà tó jáde ní gbangba. Ní 1633 ìgbìmọ̀ ìwádìí ìgbàgbọ́ ní Róòmù dá Galileo lẹ́bi nítorí ohun tí ó kọ nípa ayé àti oòrùn, wọ́n sì sé e mọ́ ilé rẹ̀. Ibẹ̀ ni ó ti parí ìwé rẹ̀ lórí Ìmọ̀ Tuntun Méjì, tí a tẹ̀ ní Leiden ní ilẹ̀ Holland ní 1638, nígbà tí ojú rẹ̀ ti fọ́. Nínú rẹ̀ ni ó ti fi hàn pé ọ̀nà tí ohun tí a jù ń gbà jẹ́ ìlà títẹ̀ tí àwọn Gíríìkì ìgbàanì ń pè ní parabola, pé 45 dìgírì ni ó lọ jìnnà jùlọ gẹ́gẹ́ bí Tartaglia ti wí, àti pé igun méjì tí ó jìnnà sí 45 bákan náà, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, yóò balẹ̀ sí ibi kan náà. Ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀ Evangelista Torricelli sì mú un gbòòrò sí i nínú ìwé tí ó tẹ̀ ní Florence ní 1644, ó ṣe tábìlì ìṣirò fún igun kọ̀ọ̀kan, ó sì ṣe àwòrán ohun èlò tí oníbọn lè fi ka ìdáhùn láì ṣe ìṣirò.

Ó yẹ kí n fi ọ̀nà náà hàn yín ní kíkún, kí ẹ má bàa rò pé idán ni. Ẹ jẹ́ kí a rò ó pé a ju òkò kan ní 45 dìgírì lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ó sì balẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 128. A ń béèrè pé, bí ọwọ́ kan náà bá fi agbára kan náà jù ú ní 15 dìgírì, níbo ni yóò balẹ̀ sí? Ẹ sọ igun kọ̀ọ̀kan di ìlọ́po méjì, kí ẹ sì wo iye tí tábìlì sáìnì fún un. Ìlọ́po méjì 45 jẹ́ 90, iye rẹ̀ sì jẹ́ 1. Ìlọ́po méjì 15 jẹ́ 30, iye rẹ̀ sì jẹ́ ààbọ̀. Nítorí náà ìdajì 128 ni ìdáhùn, ẹsẹ̀ bàtà 64. Bí a bá sì jù ú ní 75 dìgírì, ìlọ́po méjì rẹ̀ jẹ́ 150, iye rẹ̀ tún jẹ́ ààbọ̀. Ibi kan náà ni yóò balẹ̀, bí ó tilẹ̀ pẹ́ lókè ju ti ìṣáájú lọ. A kò dárúkọ eré nínú gbogbo èyí. Ó wà nínú ìṣirò lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀kan náà ni ní ìgbà méjèèjì, nítorí náà nígbà tí a fi èkíní wé èkejì, ó pa ara rẹ̀ rẹ́ kúrò.

Bí ẹnìkan bá sì wí pé eré náà gan-an ni òun fẹ́ mọ̀, kò ṣòro. Ẹ fi 32 sọ jíjìnnà náà di púpọ̀, nítorí ohun tí ń já bọ́ a máa fi ẹsẹ̀ bàtà 32 kún eré rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi iye sáìnì pín in. Lẹ́yìn náà kí ẹ wá iye tí a lè fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀ láti rí ohun tí ó kù. 128 lọ́nà 32 jẹ́ 4,096. Iye tí a fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀ tí ó fún wa ní èyí ni 64. Nítorí náà òkò náà fi ọwọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú eré ẹsẹ̀ bàtà 64 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Fún òkò ọwọ́, ìdáhùn yìí súnmọ́ òtítọ́ gidigidi.

Kí ni ìbá tún kù? Oníbọn yóò yin ìbọn lẹ́ẹ̀kan fún ìdánwò, yóò wọn ilẹ̀, yóò sì mọ gbogbo ìyókù. Edmond Halley, ẹni tí a fi orúkọ rẹ̀ pe ìràwọ̀ onírù nì, kọ irú òfin bẹ́ẹ̀ sí ìwé ẹgbẹ́ ọlọ́gbọ́n London ní 1686, títí kan bí a ó ti ta ọta sí ibi tí ó ga ju wa lọ tàbí tí ó rẹlẹ̀ sí wa. Ó sì gbà pé fún ọta ńlá oníwúwo, ìdènà afẹ́fẹ́ kò tó nǹkan.

Níbí ni mo ti fẹ́ kí ẹ dúró bá mi díẹ̀. Òfin Mósè kò gba ẹ̀rí ẹnìkan ṣoṣo láti fìdí ọ̀ràn múlẹ̀. Nínú ìṣirò yìí, ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ni a ní, òun náà ni ilẹ̀ tí ọta balẹ̀ sí. A bi í léèrè eré ọta, ó sì dáhùn. Ṣùgbọ́n eré tí ó sọ ni èyí tí ọta ìbá nílò láti dé ibẹ̀ bí kò bá sí afẹ́fẹ́ ní ayé. Bí afẹ́fẹ́ bá ti gba púpọ̀ nínú eré náà lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ọ̀nà, ilẹ̀ kò mọ̀. Nítorí tí kò sì sí ẹni tí ó wọn eré náà ní ẹnu ìbọn, kò sí ẹlẹ́rìí kejì tí yóò jẹ́rìí ta ko ti èkíní.

Galileo kò fi èyí pamọ́. Ó kọ ọ́ sínú ìwé 1638 pé ọta tí iná ẹ̀tù gbé jáde ń sá eré tí ó tayọ ti àdánidá, pé ó ṣeé ṣe kí afẹ́fẹ́ yí ọ̀nà rẹ̀ padà, àti pé tábìlì òun yẹ jù fún àgbá kúkúrú tí a fi ẹ̀tù díẹ̀ yìn. Ní 1647 ará Genoa kan tí ń jẹ́ Renieri kọ̀wé sí Torricelli pé òun ti yin ìbọn, ohun tí òun rí kò sì bá tábìlì rẹ̀ mu rárá. Torricelli dá a lóhùn pé àwọn onímọ̀ ni òun kọ ìwé òun fún, kì í ṣe àwọn oníbọn. Èsì tí ó mọ́gbọ́n wá ni fún onímọ̀ ìṣirò, ṣùgbọ́n èmi kò rò pé ó yẹ fún ẹni tí ó ti ya àwòrán ohun èlò oníbọn sínú ìwé kan náà. Newton pẹ̀lú kọ púpọ̀ lórí ìdènà afẹ́fẹ́ ní 1687, ṣùgbọ́n àwọn tí ń kọ ìwé fún oníbọn kò fi í ṣe nǹkan. Parabola dùn, ó rọrùn, ó sì ti wọ inú ìwé.

Ẹni tí ó mú ẹlẹ́rìí kejì wá ni Benjamin Robins. Ìlú Bath ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a bí i sí ní 1707, láàárín ìjọ àwọn Kwékà, àwọn ènìyàn tí kì í fọwọ́ kan ogun. Ó jẹ́ ohun ìyanu lójú mi pé inú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá nínú ìmọ̀ ìbọn ti jáde. Ní 1742 ó tẹ ìwé kan jáde tí ó pè ní Ìpìlẹ̀ Tuntun fún Iṣẹ́ Ìbọn, nínú rẹ̀ ni ó sì ti sọ bí òun ti mú eré ọta.

Ọgbọ́n rẹ̀ ni pé, bí ọta bá yára jù fún ojú, kí a fi í fún ohun tí ó wúwo kí ó gbé, kí eré náà lè pín mọ́ ọn lára títí yóò fi lọ́ra tó fún ojú láti rí. Ó so pákó nípọn kan tí a fi irin dè rọ̀ láti òkè, bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì ti ń rọ̀, kí ó lè máa mì. Ó yin ìbọn sí i. Ọta wọ inú pákó lọ, ó dúró níbẹ̀, àwọn méjèèjì sì mì lọ sẹ́yìn pọ̀. Ó fi ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, tí pákó ń fà jáde bí ó ti ń lọ, kí ó lè wọn bí ó ti mì tó.

Ẹ jẹ́ kí a fi iye tí ó rọrùn rò ó. Bí ọta bá jẹ́ ìwọ̀n kan, tí òun àti pákó sì jẹ́ ìwọ̀n 500 pọ̀, nígbà náà eré tí àwọn méjèèjì fi mì yóò jẹ́ ìdá kan nínú 500 ti eré ọta. Bí pákó bá ń lọ ní ẹsẹ̀ bàtà 3 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ọta ń sá 1,500. Báwo sì ni a ti mọ̀ pé pákó ń lọ ní ẹsẹ̀ bàtà 3? Nípa gíga tí ó mì dé ni. Ohun tí ó bá ní eré ẹsẹ̀ bàtà 3 yóò gòkè fi díẹ̀ lé ní ínǹṣì kan àti ààbọ̀ kí ó tó dúró. Ẹ rí i pé òṣùwọ̀n Galileo ni Robins tún mú lọ́wọ́: gíga ni ó fi wọn eré. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ni pé kò dúró de ilẹ̀ kí ó tó béèrè; ní ẹnu ìbọn gan-an ni ó ti béèrè.

Ìdáhùn tí ó rí ya gbogbo ènìyàn lẹ́nu. Ọta ìbọn ọwọ́ tí ìbú rẹ̀ jẹ́ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ínǹṣì jáde pẹ̀lú eré tí ó tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 1,700 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí irú ọta bẹ́ẹ̀ bá ń rìn nínú parabola, ní 45 dìgírì yóò balẹ̀ ní nǹkan bí máìlì 17. Àwọn oníbọn sì mọ̀ dájú pé kò pé ààbọ̀ máìlì. Ẹ tún wò ó láti ìhà kejì. Bí a bá fi ọ̀nà àtijọ́ bi ilẹ̀ léèrè, tí a sì mú odindi ààbọ̀ máìlì náà fún un, èyíinì ni ẹsẹ̀ bàtà 2,640, ìṣirò yóò wí fún wa pé ọta jáde pẹ̀lú eré tí kò tó 300. Ẹlẹ́rìí kan sọ 300, èkejì sọ 1,700. Fún ohun tí ó lé ní 100 ọdún, ti èkíní nìkan ni a ń gbọ́.

Robins kò fi í mọ síbẹ̀. Ó mú ìbọn rẹ̀ sún sẹ́yìn kúrò lọ́dọ̀ pákó díẹ̀díẹ̀, kí ó lè mọ iye eré tí afẹ́fẹ́ ń gbà lọ́wọ́ ọta. Ní ẹsẹ̀ bàtà 25 ó rí eré 1,670. Ní 75 ó rí 1,550. Ní 125 ó rí 1,425. Nínú ìrìn ẹsẹ̀ bàtà 50 péré, ọta ti pàdánù nǹkan bí 120. Nígbà tí ó ṣírò rẹ̀, ó rí i pé agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń ta ko ọta náà tó ìlọ́po 120 ìwúwo ọta tìkára rẹ̀. Afẹ́fẹ́ yìí, tí a ń mí sínú tí a kò sì kà sí nǹkan!

Nísinsìnyí ẹ jẹ́ kí a padà sí pápá Verona. Ní 45 dìgírì ọta lọ ní ọ̀pá 1,972. Bí a bá fi òfin parabola ṣírò ti 30 dìgírì, ìlọ́po méjì 30 jẹ́ 60, iye sáìnì rẹ̀ jẹ́ 0.866, ìdáhùn sì jẹ́ ọ̀pá 1,708. Ṣùgbọ́n 1,872 ni àwọn oníbọn rí. Ìyàtọ̀ náà jẹ́ ọ̀pá 164, tí ó súnmọ́ ẹsẹ̀ 1,000 nínú ìwọ̀n wọn; èyí kì í ṣe ohun tí a lè kà sí àìmọ̀wọ̀n. Irú rẹ̀ gan-an ni afẹ́fẹ́ ń ṣe: ọta tí a yìn sókè púpọ̀ pẹ́ nínú afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ sì gba púpọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí náà èyí tí a yìn nísàlẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn sí i. Fún ọta tí ó yára gidi, igun tí ó lọ jìnnà jùlọ a tilẹ̀ máa rẹlẹ̀ sí 45. Àwọn tí ó fi owó lélẹ̀ lé 30 pàdánù owó wọn, ṣùgbọ́n wọn kò jìnnà sí òtítọ́ tó bí parabola ìbá ti mú wa rò. Ẹ̀rí náà ti wà nínú ìwé tí a tẹ̀ láti 1537, ṣáájú kí a tó bí Galileo, ó sì wà níbẹ̀ títí di ọjọ́ Robins.

Ní 1745 Leonhard Euler yí ìwé Robins sí èdè Jámánì, ó sì fi àlàyé tirẹ̀ kún un títí ó fi tóbi ju ti ẹni tí ó kọ ọ́ lọ. Ní 1746 ẹgbẹ́ ọlọ́gbọ́n London fi àmì-ẹ̀yẹ Copley dá Robins lọ́lá. Ó lọ sí ilẹ̀ Íńdíà láti máa ṣe àbójútó odi àwọn oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀, ibà sì pa á ní 1751 kí ó tó lè wọn eré ọta àgbá ńlá, tí pákó rẹ̀ kò lè gbà.

Charles Hutton ni ó ṣe èyí fún un. Ọmọ awakùsà èédú ní Newcastle ni, tí òun tìkára rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ nínú kòtò èédú rí, tí ó sì di olùkọ́ ìṣirò ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ogun ní Woolwich ní 1773. Ní 1775 ó bẹ̀rẹ̀ sí í so pákó tí ó wúwo ju ti Robins lọ lọ́pọ̀lọpọ̀ rọ̀, ó sì yin àgbá gidi sí i. Ní 1778 ó gbé ohun tí ó rí jáde. Láti ìgbà náà ni ọta kò ti ní láti balẹ̀ mọ́ kí a tó mọ eré tí ó fi jáde, tí àwọn tí ń ṣe tábìlì fún àgbá sì fi parabola sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ àti fún àwọn tí ń sọ òkò.